Ẹran Inú Ìda

Wọ́n jí ẹran jẹjẹrẹ! Ẹ gbà mí o, ta ní í jí irú ìyẹn? Ohun tí àwọn ọlọ́pàá Òṣogbo ń bi ara wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí láàbù ilé ìwòsàn kan ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inspẹ́kítọ̀ Ṣèyífúnmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Iléṣà ni obìnrin yìí, òṣómàáló gidi: bó bá ti lóṣòó ti ọ̀ràn, kò ní dìde àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́wọ́.

"Dókítà, kí ló wà nínú ẹran yìí gan-an?" ló bi Dókítà Ìdùnnú.

"Inú ẹ̀dọ̀fóró Abdullateef, télọ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀, la ti gé e. Jẹjẹrẹ náà ò tíì ràn. A fi ìda, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, bo ẹran náà kó má baà bàjẹ́. Purotéènì kan ni mo fẹ́ wò níbẹ̀. Tí mo bá fi èròjà aláwọ̀ kùn ún, tó sì pọ́n bí omi obì, a jẹ́ pé purotéènì yẹn pọ̀, jẹjẹrẹ fẹ́ padà wá nìyẹn, a ó tètè fi oògùn ká a mọ́. Tí kò bá pọ́n, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Òun nìkan ló sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa! Kọ́ládé tó ń mú kọ́kọ́rọ́ láàbù ni kẹ́ ẹ mú!"

Kọ́ládé bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, mo kàn sáré jáde lọ jẹun ni, mi ò ti ilẹ̀kùn. Látìgbà náà, adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ."

Ṣèyífúnmi ti bẹ̀rẹ̀ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹran náà wà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó ṣa fọ́nrán aṣọ funfun kan àti horo kánfọ̀ kan nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Dókítà, ta lẹ fi ẹran yìí hàn rí?"

"Ìyá Abdullateef nìkan, Alàájà Àpìkẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí i."

Inspẹ́kítọ̀ àti dókítà wọkọ̀, ó di Òkè-Baálẹ̀. Abdullateef wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń húkọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ bí Abdullateef, ibo lẹ sin ibi rẹ̀ sí?"

Kí ìyá tó lanu, ojú wọn ti lọ sídìí igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Háà, ẹ wo ọpọlọ Inspẹ́kítọ̀!

"Èmi ni mo mú un," ni ìyá wí, omi bọ́ lójú wọn. "Ẹ̀yà ara Mùsùlùmí, ṣebí sísin là ń sin ín? Ṣé kí n wá fi ẹran ara ọmọ mi sílẹ̀ káwọn àlejò máa fọ̀bẹ rẹ́ ẹ ni?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni dókítà bi Inspẹ́kítọ̀.

"Olè tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kò wá owó. Aṣọ funfun àti kánfọ̀, òkú la fi ń sin. Ta ló wá lè fẹ́ sin ẹran tí kò ju èékánná lọ? Ẹni tó bí i ni. Ibi tó sì ti sin nǹkan ọmọ náà rí ni yóò tún sin ín sí."

Ó yíjú sí ìyá. "Màmá, díẹ̀ lẹ sin lára ọmọ yín. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sin gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyá figbe ta, wọ́n sáré fọwọ́ ara wọn hú ilẹ̀ náà. Ìda ò fọ́, omi ò kan ẹran inú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, dókítà bẹ Kọ́ládé pé kó má bínú, ó sì fi èròjà aláwọ̀ kun ẹran náà. Ó pọ́n bí omi obì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fún Abdullateef lójú ẹsẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ wá sọ fún ìyá pé kí wọ́n gba èyí tó ṣẹ́kù lọ sin.

Wọ́n mi orí. "Ẹ máa rẹ́ ẹ lọ, ọmọ mi. Odidi Abdullateef ni mo fẹ́ mú lọ sílé."