Pákó Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn Mi

Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ń mì, tó wá ń parọ́ nítorí ọkùnrin bí ọmọdébìnrin tó ń yọ́ jáde lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí lẹ fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ̀rín náà ò tún nǹkan kan ṣe.

Aṣọ ni mò ń fọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, okùn ni ó fi so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, rúlà kékeré sì yọrí nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò wo ojú mi. Kò wo àyà mi, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń kọ́kọ́ kí nìyẹn kí wọ́n tó kí èmi tí mo ni ín. Òkè orí mi ló ń wò, ó ń yọjú sínú pálọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Láti ojú títì ni mo ti rí i gba ojú fèrèsé. Pákó tó wà lókè ilẹ̀kùn yàrá yín yẹn, ta ló gé e?"

Pákó náà gùn tó apá mi. Ewé àti ẹyẹ méjì ni wọ́n gé sí i lára, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ọ̀dà funfun ni mo fi ń kùn ún, tó bá ti dọ̀tí, màá tún kùn ún.

Ó ní awọnlẹ̀ lòun tẹ́lẹ̀, òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ń kọ́ ìkànnì kan sórí ayélujára nípa ìtàn irú iṣẹ́ igi bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé níbi tó dúró sí: bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà tí wọ́n ya àwòrán sí mọ́ ara igi, bí wọ́n ṣe ń lu ihò, tí wọ́n á ki abẹ ayùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú bọ inú ihò náà, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ayùn bíi máṣíìnì ìránṣọ, kí ti oníná tó dé.

"Ta ló ń sanwó fún yín?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń san án, mà. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Bó ṣe sọ "mo fẹ́ràn rẹ̀" yẹn, orúnkún mi tó ti ń ro mí láti ọjọ́ pípẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ta ló wá gé e, mà?"

Òótọ́ ibẹ̀ kò le. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ra pákó yẹn ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á ní "Ẹ ṣé," á sì máa lọ. Mi ò fẹ́ kó lọ.

"Ọkọ mi ni," ni mo wí.

Ọkọ mi, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un, awakọ̀ lọ́rí ni. Búrẹ́dì lásán, kò lè gé e kó tọ́.

Awọnlẹ̀ jókòó. Ó mú gègé. Èmi náà bá tú u sílẹ̀: yàrá ẹ̀yìn tí ayùn wà, bí ọkọ mi ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí mo ń kọrin fún un, bí abẹ ṣe ń ṣẹ́ tí mò ń gbá wọn jọ nílẹ̀ kí ó má gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Irọ́ náà dùn lẹ́nu mi débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ayùn.

Ó ń wá, ó ń wá, títí àga kan nínú pálọ̀ fi di tirẹ̀. Orí tábìlì mi ló ti kọ́ ìkànnì náà. Èmi ni mò ń na aṣọ dúdú sẹ́yìn àwọn ayùn àtijọ́ rẹ̀ tó bá ń yà wọ́n ní fọ́tò. Èmi ni mò ń ka ohun tó kọ sókè. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọ́, ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni kò tíì dára, á tún un kọ.

Lọ́jọ́ kan, ó gun àpótí, ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan.

"Mo fẹ́ ha ọ̀dà yìí díẹ̀, mà. Eyín ayùn máa ń fi àpá sílẹ̀ létí ihò. Mo fẹ́ rí ọwọ́ ọkọ yín."

Ẹnu mi ló gbà mí.

"Háà, Awọnlẹ̀! Ẹ ò tíì bọ́ èmi láṣọ, igi lẹ fẹ́ kọ́kọ́ bọ́?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi já bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti di "o" láàárín wa. "Ìwọ obìnrin yìí, o máa pa mí," ló wí. Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti orúnkún mi.

Nígbà tí ìkànnì náà parí, pákó mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, ìtàn ọkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé: "Mo ṣe gbogbo èyí fún ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mo kà á, omi bọ́ lójú mi.

"Ìdùnnú mi," ló wí, "mo fẹ́ bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ máa dá jẹun mọ́."

"Èmi náà ò fẹ́ máa dá jẹun mọ́, olólùfẹ́ mi."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ mi. Mo pa ẹnu dé.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Nígbà tó wá kí mi, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ìyanga, ni mo fi ìkànnì náà hàn án lórí fóònù. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Màmá, ta ni wọ́n ń sọ níbí yìí?"

"Bàbá rẹ ni."

"Bàbá mi tó ń wa lọ́rí? Bàbá mi yẹn náà ló ń gé ẹyẹ? Màmá, èmi ni mo fi orí ru pákó yìí láti ṣọ́ọ̀bù délé! Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sínú àyà!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn bàbá mi tẹ̀ lórí lọ́rí yẹn kí n tó lè ka ìwé nọ́ọ̀sì. Kò sí ibì kan láyé tí wọ́n ti kọ nǹkan nípa rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa kọ ọ́ wàyí, ẹ ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn, nítorí kí ọkùnrin lè jókòó tì yín."

"Màá sọ fún un. Fún mi láàyè díẹ̀."

"Ẹ tètè sọ fún un o, Màmá."

Mi ò sọ. Bó bá ti wọlé báyìí, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́bàá tèmi, ọ̀rọ̀ náà á pòórá lẹ́nu mi.

Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Mo pè é títí, kò gbé e. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ pè.

"Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ yín wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ "ẹ" yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi òmùgọ̀ rò? Mo rò pé ọkùnrin tó bá ń bọ̀ wá tọrọ obìnrin gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un ni.

Mo kun àtíkè. Mo ra aṣọ tuntun tó fún mi débi pé bí mo bá sín, bọ́tìnnì á fọ́ ẹnì kan lójú.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó gun àpótí, ó tú pákó náà sílẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ dúró síbi ìmọ́lẹ̀, mà. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Mo fi gbogbo eyín tó kù lẹ́nu mi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé fọ́tò tí a máa fi han àwọn ọmọ-ọmọ ni. Ọmọ mi dúró lẹ́bàá ògiri, kò wò mí.

Ó ya fọ́tò tán, ó yọ ọ̀bẹ kékeré yẹn, ó sì ha ọ̀dà kúrò létí ìyẹ́ ẹyẹ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bó ojú egbò. Abẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó fi ìka pa á, ó na ìka tó ti dúdú náà sí mi.

"Ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń fi iná jó igi gé ló ṣe èyí. Ayùn kì í jó igi."

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹ mọ àlàyé í ṣe, mà. Bí ẹ ṣe ṣe é ni mo ṣe kọ ọ́."

"Mo kàn fẹ́ kí o jókòó ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ dúdú tí mo máa ń nà fún un.

"Ẹ bá ní kí n jókòó. Ǹ bá jókòó."

Ó lọ. Kò rọra ti ilẹ̀kùn, kò sì fi agbára tì í. Ó ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ lo sọ fún un?" ni mo bi ọmọ mi.

"Èmi ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn náà, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mo dúró dè yín títí, Màmá."

Kò pẹ́ tí ojú ewé tuntun fi yọ lórí ìkànnì náà: "Bí A Ṣe Ń Dá Ayédèrú Mọ̀." Èmi rèé níbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó. Etí ìyẹ́ tó jóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Obìnrin tó ni pákó yìí sọ pé ọkọ òun ló gé e." Ó ti pa ìtàn ọkọ mi rẹ́, òótọ́ àti irọ́ rẹ̀. Aládùúgbò mi ní fọ́tò náà dára. Ó dára lóòótọ́. Mi ò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí nínú fọ́tò.

Lánàá, ọmọ mi jókòó sórí àga Awọnlẹ̀, ó ń fi ìka ti ìkànnì náà lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Pákó wà nílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mò ń ká aṣọ. Ìka rẹ̀ dúró.

"Màmá," ló wí, "ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ti ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ó ṣì wà níbẹ̀ o. Ṣé ó gbàgbé láti yọ ọ́ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀?"