Àgbàdo Tí A Bá Nínú Ihò

"Kò sí ẹnì kankan níbí," ni bàbá mi wí, ó sì fi ẹ̀yìn àáké gbá igi ààlà àkọ́kọ́ wọlẹ̀. "Ọlọ́run ti fi gbogbo ilẹ̀ yìí fún orílẹ̀-èdè wa, títí dé òkun ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù."

A gbọ́ ọ lóòótọ́. Láti ìgbà tí omíyalé ti gba oko wa ní Indiana, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ni Bàbá ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Oṣù Keje ni, bí n kò bá ṣìṣe. Màlúù méjì péré ló kù tí ń fa kẹ̀kẹ́ wa, oúnjẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ń kọ mí lóminú. Ilé alámọ̀ olórí roboto mẹ́fà wà lẹ́bàá odò Platte, láìsí èéfín, láìsí ajá. Níwájú wọn ni ebè àgbàdo tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ìdí ọ̀kan. Koríko tí wọ́n ro níbẹ̀ kò tíì gbẹ tán.

"Bàbá, ta ló ro oko yìí?"

"Wọ́n ti sá lọ, Kezia."

"Ṣé ẹni tó ń sá lọ a máa ro oko kó tó lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi, Lemuel, bú sẹ́rìn-ín. "Adájọ́ Kezia! Bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ ló ro ó. Lọ pè é wá jẹ́rìí."

Lọ́jọ́ kejì, Lemuel rí ihò kan nínú ọ̀kan lára àwọn ilé náà, tí wọ́n fi koríko àti eérú bò. Àgbàdo gbígbẹ ló kún inú rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, ó ní mánà ni. Ìyá mi sè é, èmi náà sì jẹ àjẹyó. Lórí àgbàdo náà ni mo ti rí ọkọ́ kan tí wọ́n fi egungun èjìká ẹfọ̀n ṣe. Mo gbé e pamọ́. Ẹni tó bá kó oúnjẹ àti ọkọ́ rẹ̀ pamọ́ ń bọ̀ wálé ni.

Kí a tó dé ibẹ̀, ní ìlú tí a ti ra iyọ̀ kẹ́yìn, oníṣòwò kan ti sọ fún wa pé gbogbo àwọn Pawnee, ẹ̀yà tó ń gbé lẹ́bàá odò náà, àtarúgbó àtọmọ ọwọ́, a máa lọ ọdẹ ẹfọ̀n lápapọ̀, wọn a sì padà nígbà tí àgbàdo bá gbó. Bàbá dúró tì mí nígbà tí ọkùnrin náà ń sọ ọ́.

"Kezia, ìwọ nìkan lo mọ̀wé nínú wa," ni Bàbá wí lọ́sẹ̀ náà. "Bá mi kọ ìwé sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba pé a kò bá ẹnikẹ́ni níbí, kí ilẹ̀ náà lè di tiwa. Kí o sì fọwọ́ sí i."

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí oníṣòwò yẹn sọ."

Kò wo ojú mi. "Ìyá rẹ lóyún. Ṣé inú kẹ̀kẹ́ ni kó bímọ sí nígbà òtútù?"

Mo kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn Pawnee dé, pẹ̀lú ẹran gbígbẹ lẹ́yìn ẹṣin. Ìyá arúgbó kan ló ṣáájú. Ó wọ ilé rẹ̀ lọ, ó jáde pẹ̀lú eérú lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí àwọn ebè, ó sì fọwọ́ náà lu àyà ara rẹ̀.

Mo sáré gbé ọkọ́ náà wá. "Tiwọn ni, Bàbá! Oúnjẹ wọn ni a jẹ!"

Bàbá gbé ẹ̀dà ìwé náà sókè níwájú obìnrin náà. "A ti kọ ọ́ sílẹ̀!" ló pariwo. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbí!"

Obìnrin náà gba ọkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò wò mí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ láti sọ òótọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ìwé rẹ ti ṣáájú rẹ dé, ọmọ." Kí yìnyín tó bọ́, àwọn ọmọ ogun ti lé wọn kọjá odò láìsí àgbàdo tí wọn ì bá jẹ lọ́wọ́. N kò mọ iye àwọn tí ebi pa. N kò sì fẹ́ sọ iye tí n kò mọ̀.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Mo fura, ṣùgbọ́n mo gbé ìfura náà mì pẹ̀lú àgbàdo. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀ fún bàbá mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọlọ́run ti fi ilẹ̀ kan ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ro ó.