Òkúta Iwájú Òfì

Ẹsẹ̀ Kíkẹ́ ni Isaac kọ́kọ́ rí, bó ṣe ń tẹ òfì lọ́tùn-ún lósì. Òwú pupa tẹ́ gbọọrọ níwájú rẹ̀ títí dé ibi òkúta ńlá tó fà á le lábẹ́ igi òdán. Tíṣà ni Isaac ní Ago-Amodu. Aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá sí Ìsẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ, kò tètè lọ. Ó sọ fún Kíkẹ́ pé òun kọ́ èdè Látìn nígbà tí òun fẹ́ di àlùfáà, àti pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ahunṣọ. Texo, mo ń hun. Texui, mo ti hun. Texemus, a ó hun. Textum ni ohun tí a hun. Ibẹ̀ ni òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ inú ìwé, text, torí híhun ni wọ́n ka ìwé kíkọ sí.

"A ó hun," ni Kíkẹ́ wí. "Ẹ̀yin àti ta ni, Tíṣà? Ọwọ́ yín rọ̀ ju òwú lọ."

Nígbà tí Isaac wá tọrọ Kíkẹ́ láti fi ṣaya, Bàbá Ládòkun, bàbá Kíkẹ́ tó jẹ́ ahunṣọ bíi tirẹ̀, béèrè ìlú tí wọ́n ti ń sọ Látìn. Isaac ní àwọn tó ni ín ti kú tipẹ́. Bàbá ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ méjì ju ọ̀rọ̀ òkú lọ. Kíkẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá wá ní kí wọ́n dúró: bí aṣọ tuntun tó wà lórí òfì bá ṣe ń gùn ni òkúta ń sún mọ́ òfì, tó bá dé ìdí òfì, òun yóò dáhùn.

Gbogbo Sátidé ni Isaac ń wá wo òkúta náà. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan tí Kíkẹ́ lọ pọnmi, ó gbé òkúta náà sún mọ́ òfì. Òwú dẹ̀, ó lọ́ mọ́ra, òmíràn já. Kíkẹ́ dé, ó sọ omi kalẹ̀, ó wo òwú tó já.

Isaac kò sá. Ó ní kí Kíkẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń so òwú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú u, ó ń so ó, títí oòrùn fi wọ̀. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Bàbá kọjá láìkí i. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó ju àpótí ìjókòó kan sí i.

Ìgbà iṣu tuntun ni òkúta dé ìdí òfì. Bàbá fọwọ́ tọ aṣọ náà látòkè délẹ̀.

"Kókó pọ̀ níbẹ̀," ó wí. "Kò sì já. Tíṣà, báwo lẹ ṣe ń pe a ó hun yẹn?"

Isaac yíjú sí Kíkẹ́. Kíkẹ́ ló dáhùn.

"Texemus, Bàbá."

Bàbá ká aṣọ náà lé wọn lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní kí àwọn ará Ago-Amodu máa bọ̀ wá ṣe ìdána.