Èèrí Ohùn

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ń bí mi nínú, torí ẹni tó fi ẹ̀pà sínú ẹ̀bìtì kò gba owó lọ́wọ́ eku rí.

Ní ìlú Òkè-Oṣù, tí àwọn baba wa tẹ̀dó sórí òṣùpá, kò sí afẹ́fẹ́ àfi èyí tí ẹ̀rọ èémí bá ń fẹ́ jáde. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ náà ń hó, gbogbo fíìmù tí wọ́n bá yà níbẹ̀ ló sì ń gbé ariwo rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní yàrá tí ariwo ò lè wọ̀. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà àyálò ya fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́jọ kò ní irú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sáré lọ bá Asẹ́hùn, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aróyèhún ṣe. Bí asẹ́ ṣe ń yọ èèrí kúrò lára ògì ló ṣe ń yọ ariwo kúrò nínú fíìmù.

Ìbídùn, tó ń gé fíìmù, tó ń tò ó fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, gbé fíìmù tirẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń dirun fún ọmọ àdúgbò. Ìbídùn ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀ rárá. Ibo? Ẹni tó bá ń kọjá á kí onídìrí pé, "Ojú gbooro o," Màmá á sì dáhùn pé, "Òòyà á yà o." Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n tún un yà, ìgbà mọ́kànlá ni Màmá dáhùn.

"Ṣé kí n wá máa wo ẹni tó kí mi bí ẹni ń wo ògiri ni?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Lóṣù kejì, Màmá kú. Àwọn ìdáhùn yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Ìbídùn ní kí Asẹ́hùn yọ ariwo ẹ̀rọ èémí, kò ní kó yọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí fíìmù padà dé, ẹnu Màmá ń là, ó ń pa dé, ohùn kankan ò jáde. Ó wá èyí tó fi ránṣẹ́, kò rí i. Ẹ̀rọ náà ti nù ún kúrò nínú àpótí ìpamọ́ Ìbídùn. Ó wà nínú àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láì kà.

Bàbá Òjéwálé, arúgbó tó fi etí àti ìka lásán kọ́ ọ níṣẹ́ ohùn, ní kí àwọn méjèèjì lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Ìbídùn ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, tòun ti bó ṣe máa ń fa "o" ìparí. Bàbá ṣí fìlà.

Nígbà tí wọ́n wọlé bá a, Aróyèhún kò tijú. Ó ń ṣàlàyé bí olùkọ́ ni. Ó ní ilẹ̀kùn gbogbo ìlú nílò ohùn tó mọ̀ ọ́n kí, ó ní fíìmù àwọn aláìní ló kún fún irú ohùn bẹ́ẹ̀, torí wọn ò lágbára láti lé àwọn tó ń kọjá.

"Èèrí ni, ìyáàfin," ó ní. "Kò sí nínú ìtàn yín."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," Bàbá Òjéwálé dáhùn, "ilẹ̀kùn rẹ kí wa. Ìwọ ò tíì kí wa."

Ọkùnrin náà wo tábìlì rẹ̀. Ìbídùn ní òun ò bèèrè ju ìdáhùn ìyá òun lọ, ọ̀kan péré nínú mọ́kànlá. Aróyèhún ní kò sí mọ́. Bó ṣe ń fọhùn nìkan ni àwọn mú, àwọn ti da ìyókù nù. Ó da ohùn òkú nù bí omi ìfọwọ́, ó sì tún ń jẹun lórí ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde síta, Ìbídùn yí padà, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́.

"Ojú gbooro o, Màmá."

Ilẹ̀kùn fi ohùn ìyá rẹ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín ò yé wa. Ta lẹ wá rí?"