Àgádágodo Inú Irin

Bí o bá dé Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ tí o béèrè wẹ́dà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù, Lágúnjú ni wọn yóò júwe fún ọ. Géètì tí ó bá ṣe kì í yẹ̀. Irin tí ó bá jó mọ́ fèrèsé, olè yóò wò ó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Lágúnjú mọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń wí i fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ohun tí òun bá ti tì, ó tì nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe oníṣekúṣe. Ó fẹ́ràn Ayọ̀ọlá ìyàwó rẹ̀ gan-an. Mo sọ èyí kí o má baà rò pé àwọn ọ̀daràn nìkan ni ó nílò Olùgbàlà. Ohun tí ó ń ṣe Lágúnjú ni pé kò lè gbára lé ohunkóhun àfi èyí tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ bá dì mú.

Oyún méjì ti bọ́ lára Ayọ̀ọlá kí ó tó lóyún kẹta. Nígbà tí ìkẹta yìí wọ oṣù kẹfà, ó rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá pe tọkọtaya náà jókòó, ó là á yé wọn pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, ó sì dí ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde. Ó ní bí kò bá sún kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ náà, wọn kò sì gbọdọ̀ dúró de ìrọbí nílé.

Ó ní kí Ayọ̀ọlá máa sinmi, kí ó má sì ṣe pa kílíníìkì jẹ. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì wá àwọn tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Lágúnjú ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí ó gba ọ̀nà abúlé lọ, ó lọ bá bàbá kan tí wọ́n ní ó mọ bí a ti ń de oyún. Ó ti ya aṣọ díẹ̀ lára tòbí ìyàwó rẹ̀ dání láìjẹ́ kí ó mọ̀. Bàbá náà fi aṣọ yẹn wé àgádágodo kan, ó sọ̀rọ̀ sí i, ó tì í, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé Lágúnjú lọ́wọ́. Ó ní oyún náà kò ní bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìrọbí bá dé, kí ó tètè ṣí i, nítorí bí ó bá wà ní títì, ọmọ kò ní rọ́nà.

Ibo ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí? Agbo ilé wọn ní Òkèrèwè kún fún èèyàn, ojú sì pọ̀ níbẹ̀. Lágúnjú ń ṣe géètì kan lọ́wọ́ fún ilé ara rẹ̀ nígbà náà. Ó ju àgádágodo náà sínú ihò òpó géètì, ó jó irin dí i lókè àti nísàlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ta ni yóò rí i níbẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ dá. Ayọ̀ọlá ń sinmi bí nọ́ọ̀sì ti wí, ṣùgbọ́n àgádágodo ni ọkọ rẹ̀ gbà pé ó ṣe é. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ìdí tí ìyàwó rẹ̀ kò fi ní lọ sí kílíníìkì mọ́. Lónìí, oòrùn mú jù. Lọ́la, ọ̀nà kò dára fún aboyún. Ayọ̀ọlá kọ́kọ́ ń jiyàn, nígbà tó yá ó ń jókòó sílé.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá dojú rú ni pé Alhaja Hàjàrá, ìyá àgbà kan ní Oke-Ogbo, dé ṣọ́ọ̀bù, ó rí géètì náà, ó ní òun kò fẹ́ òmíràn. Lágúnjú kò lè kọ̀ fún un, nítorí oníbàárà ńlá ni. Ó rò ó lọ́kàn pé bí oṣù ìyàwó òun bá ti ń pé, òun yóò lọ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún géètì ṣe, òun yóò sì yọ nǹkan òun. Ó ní ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Ìgbẹ́kẹ̀lé, ni ó máa ń kun àwọn géètì rẹ̀ ní ọ̀dà. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, Lágúnjú sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní Pásítọ̀ Ọlọ́dà. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò bínú rí. Ó ń béèrè Ayọ̀ọlá nígbà gbogbo, nítorí ìyàwó tirẹ̀ náà ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ, ó sì mọ bí ọjọ́ náà ti máa ń rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bi í pé, “Lágúnjú, ta ni yóò fún Ayọ̀ọlá lẹ́jẹ̀ bí ọjọ́ bá pé?”

Lágúnjú rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kankan kò ní ya, òun ti tì í pa. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ bí ó ti tì í, ó ní àṣírí òun nìyẹn. Ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ Jésù, pé ẹ̀mí ọmọ èèyàn kò sí lábẹ́ agbára ohun tí a tì tàbí ohun tí a ṣí, pé kí ó ronú pìwà dà, kí ó sì gbé ilé rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lágúnjú ní kí ó má kánjú, pé bí ìyàwó òun bá bímọ tán, àwọn yóò jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù kò tíì pé nígbà tí ìrọbí dé. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Lágúnjú ń múra àtilọ síbi iṣẹ́ nígbà tí Ayọ̀ọlá pariwo orúkọ rẹ̀ láti yàrá. Nígbà tí ó wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀, ó sì ti ń ṣàn sílẹ̀. Ó gbé e sórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sí i láṣọ.

Ayọ̀ọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn.”

Awakọ̀ kò sí tí ó ti bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ sí Lágúnjú lọ́kàn kì í ṣe èyí rárá. Òpó géètì Oke-Ogbo ni ó rí. Ó gbà pé òun ni ó ti ìyàwó òun mọ́ inú ikú. Ó ní kí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ, òun ń bọ̀. Ó já ìka ìyàwó rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sáré jáde.

Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù láti mú ẹ̀rọ ìgérin àti ayùn. Ìgbẹ́kẹ̀lé bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò dúró, ó kàn sọ pé Ayọ̀ọlá ń ṣẹ̀jẹ̀ nílé, òun ń lọ sílé Alhaja ní Oke-Ogbo. Bí ó ti gun ọ̀kadà lọ, Ìgbẹ́kẹ̀lé sọ búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì gba Òkèrèwè lọ.

Nígbà tí Lágúnjú dé Oke-Ogbo, kò sí iná. Ẹ̀rọ ìgérin di ẹrù lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti òpó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ ẹ. Irin tó nípọn ni, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án nítorí pé ó nípọn. Ó ń rẹ́, òógùn ń bọ́ sí i lójú, fóònù rẹ̀ sì ń dún nínú àpò, kò gbé e.

Alhaja Hàjàrá jáde sí i. Ó bi í ohun tí géètì òun ṣe. Lágúnjú parọ́ pé òpó náà ti sán. Ìyá àgbà náà wo aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?”

“Ìyàwó mi ni, Alhaja. Ó ń rọbí.”

“Ìyàwó rẹ ń rọbí, ìwọ wá ń rẹ́ irin lẹ́nu ọ̀nà mi?”

Bí ó ti gbọ́ èyí, ó bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo àṣírí náà fún un. Alhaja ní kí ó dìde, kí ó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Lágúnjú kọ̀, ó tún gbá ayùn mú. Ibẹ̀ ni Ìgbẹ́kẹ̀lé bá a.

“Ayọ̀ọlá ti wà nílé ìwòsàn,” ni Ìgbẹ́kẹ̀lé wí. “Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń wá ọ.”

“Bí mo bá lọ láìṣí i, yóò kú. Èmi ni mo tì í, Ìgbẹ́kẹ̀lé. Inú irin yìí ló wà.”

“Ohun tó wà nínú irin kọ́ ló ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára rẹ̀. Jésù tí mò ń sọ fún ọ kò béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. Fi ayùn yẹn sílẹ̀.”

Òǹkàwé mi, ó rọrùn fún èmi àti ìwọ láti rí i pé ayùn kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Lójú Lágúnjú, bí òun bá fi sílẹ̀, òun ti fọwọ́ ara òun pa aya àti ọmọ. Ó wo ojú ibi tí ó ti rẹ́, kò tíì dé ìdajì. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ayùn náà sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Lórí ọ̀kadà ni ó ti kọ́kọ́ pe orúkọ Jésù tinútinú. Kò mọ ohun mìíràn tí ó lè wí ju pé kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ òun wá sórí Ayọ̀ọlá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó. Lágúnjú na apá rẹ̀ pé kí wọ́n fa gbogbo tirẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Ó fara ti ògiri. Ìgbẹ́kẹ̀lé wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ọ̀dà ṣì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Tirẹ̀ bá a mu. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì ti gbé Ayọ̀ọlá lọ síbi iṣẹ́ abẹ.

Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Lágúnjú kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún ọ rí,” ó bi í, “yàtọ̀ sí pé mo fi ọ́ ṣẹ̀sín?”

Ìgbẹ́kẹ̀lé ní, “N kò tíì ṣe ohun kankan fún Jésù nígbà tí Ó ta ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Tèmi yìí lè gbé Ayọ̀ọlá dìde, ṣùgbọ́n kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nù. Tirẹ̀ nìkan ló lè ṣe é.”

Lágúnjú kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ẹnikẹ́ni kò tíì jáde wá sọ bóyá Ayọ̀ọlá yóò yè. Ó jẹ́wọ́ oyún tí ó dè, ó jẹ́wọ́ irọ́, ó jẹ́wọ́ ìgbéraga, ó ní, “Jésù, bó yè, bí kò yè, Ìwọ ni Olúwa mi láti òní lọ.”

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá pe ọkọ Ayọ̀ọlá. Obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké dáadáa. Ìyá rẹ̀ kò tíì lókun, àmọ́ ó yè. Lágúnjú ki ọwọ́ bọ àpò, ó kan kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Àgádágodo ṣì wà ní Oke-Ogbo, nínú irin, ní títì gbọin-gbọin, ọmọ sì ti dé. Ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Ayọ̀ọlá gbádùn díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Ayọ̀ọlá ní, “Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe já ọwọ́ mi.” Lágúnjú gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì ń fi sùúrù bá a gbé. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ọkùnrin tí aya rẹ̀ bá lóyún kò ní lọ kí Lágúnjú má bi í bóyá wọ́n ń lọ sí kílíníìkì, bóyá ọkọ̀ wà nílẹ̀, bóyá ó ti rí ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi í nípa ọkàn ara rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ bi ìwọ náà. Ó lè jẹ́ pé o kò de oyún rí. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn tó dára jù ní ìlú ni aya rẹ ń lọ, gbogbo ètò sì ti tò. O ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ètò wo ni o ti ṣe nípa ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ yóò dúró níwájú Ọlọ́run? Ọwọ́ rẹ tí o gbójú lé kò ní gbé ọ dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ kò sì bá gbèsè náà mu. Ti Jésù ti wà nílẹ̀. A kò ní kí o rà á.

O ti ń sọ pé ó di ìgbà mìíràn fún ìgbà pípẹ́. Jọ̀wọ́, lónìí ni kí o yípadà. Sọ fún Jésù pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bí o ti mọ̀ ọ́n, fi í sílẹ̀, kí o sì ní kí Ó gbà ọ́. Bí ibi tí o wà kò bá gba ìkúnlẹ̀, jókòó bẹ́ẹ̀ kí o wí i. Ó ń gbọ́. Má ṣe dìde kúrò níbẹ̀ láì tíì bá a sọ̀rọ̀.