Olè Adìyẹ Eérú

Àgádágodo ọgbà adìyẹ wà nílẹ̀, wọ́n ti fi ayùn gé e sí méjì. Adìyẹ méjìlá aláwọ̀ eérú tó wà nínú ọgbà ti lọ, kò ku ẹyọ kan. Àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ wọn, tí gbogbo àdúgbò Ilo-Awela fi ń mọ̀ pé ti Bàbá Àmọ̀dá ni, olè ti fi abẹ gé méjèèjìlá sílẹ̀.

Ohun tó ya Bàbá lẹ́nu jù ni èyí tí olè ò kó. Àkùkọ dúdú ńlá wà níbẹ̀. Abo mẹ́rin funfun tí àmì dúdú kún ara wọn wínníwínní wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Olè yìí ò mọ nǹkan kan," ó sọ fún wọn. Adìyẹ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì tí Ruqoyah ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ruqoyah ló fi ọdún mọ́kànlá ṣa akọ, tó ṣa abo, tó ń kọ àwọ̀ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá pa sínú ìwé. Àwọn méjìlá yìí ni ó sìn kẹ́yìn. Bàbá lè sin òmíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmíràn ò ní mọ ohùn Ruqoyah.

Ní tẹ́ṣàn, Sájẹ́ǹtì Adéjọkẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta lẹ fura sí?"

"Kò sí."

"Ta ló wá sílé yín láìpẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wá sílé mi."

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó sún mọ́ òótọ́ gan-an ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Jabez wá lóṣù tó kọjá, ọ̀sán mẹ́ta tẹ̀léra. Ó ní òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa adìyẹ ní yunifásítì. Ó jókòó, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá dín ẹyin fún un, ó sì sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fọ ife méjì, ó tẹ́ ẹní, ó dúró. Jabez ò wá. Bàbá ò fẹ́ kí ẹni kan ṣoṣo tó jókòó tì í láti ọdún méjì jẹ́ olè, ló bá panu mọ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Bàbá á rìn yí ọjà Sángo ká, á máa yọjú wo inú àgò àwọn tó ń ta adìyẹ. Lọ́jọ́ kan, ní Ìyànà Iyesi, ó rí obìnrin kan tó gbé páálí, tó ń yọ́ lọ sínú igbó lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Òròmọdìyẹ ń ké nínú páálí. Bàbá yọjú wò ó: dúdú mẹ́ta, funfun alámì méjì.

"Ìyá mi, àwọn eérú tó bá wọn jáde dà?"

Páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ta ló sọ fún yín pé mo ní eérú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Márùn-ún ni wọ́n, àbí mẹ́fà?"

"Mẹ́fà." Ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Olúkẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Àkúrẹ́ ló ti wá lọ́dún tó kọjá láti máa dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́; kò ní ará, kò ní ojúlùmọ̀ nílùú yìí. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà Jabez ló ta ẹyin fún un, tó ní eérú ni gbogbo ọmọ máa jẹ́.

"Ó ní bí àwọ̀ mìíràn bá jáde, ẹ̀ṣẹ̀ kan fara pamọ́ nílé mi. Kí n rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí n gbààwẹ̀, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n wá ra òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Bàbá, mo ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo mọ̀. Mi ò mọ èyí tó kù."

Inú Bàbá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: nítorí obìnrin yìí, àti nítorí ife méjì tó fọ̀ lọ́jọ́ kẹrin.

Ó mú Olúkẹ́mi lọ sí tẹ́ṣàn. Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Jabez, ó ti tajú kán rí aṣọ ọlọ́pàá, ó ti di àgò ru kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó ti sá. Ìwé tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ló gbàgbé. Sájẹ́ǹtì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Tírélà ilé-iṣẹ́ kan dí ọ̀nà mọ́ ọn, Jabez sì pòórá. Ṣùgbọ́n ní Itele, ìyẹ́ eérú kan wà lójú títì, òmíràn wà níwájú rẹ̀. Fọkanáísà kan nawọ́ sí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Inú àjà rẹ̀ ni wọ́n ti fa Jabez jáde, kóòtù dókítà tó wọ̀ kún fún eruku sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Sájẹ́ǹtì pe gbogbo nọ́ńbà inú ìwé náà. "Ẹ kó òròmọdìyẹ yín wá, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́." Ẹni méje wá sí tẹ́ṣàn pẹ̀lú agbọ̀n tí wọ́n faṣọ bò. Oníkálukú jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì.

"Adìyẹ bàbá mi ni," Jabez ní. "Eérú ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, eérú ni wọ́n ń bí. Ẹ bi bàbá yìí, àmì wo ló ní?"

"Bàbá?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"O ti gé àmì mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí agbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí eérú bá gun eérú, nǹkan bí ìdajì ọmọ á jẹ́ eérú. Nínú ìyókù, àwọn kan á dúdú, àwọn kan á funfun pẹ̀lú àmì. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti sìn wọ́n látọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ á ti mọ̀."

"Ẹ ṣí i," Sájẹ́ǹtì ní.

Wọ́n ṣí méjèèje. Dúdú wà níbẹ̀, alámì wà níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin náà?" obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀.

"Èmi náà. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Olúkẹ́mi bojú, ó ń sunkún ìtura.

Sájẹ́ǹtì wá gbé ọ̀rá kan ka orí tábìlì. Òkú òròmọdìyẹ dúdú àti alámì ló kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Jabez ni wọ́n ti hú wọn. "Ẹ̀ṣẹ̀ ta lèyí?"

Jabez tẹrí ba. "Èmi ni mo jí adìyẹ Bàbá. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí àwọ̀ ọmọ wọn yàtọ̀, ni mo bá dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló ṣàlàyé adìyẹ yẹn fún mi, odindi ọ̀sán mẹ́ta. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi padà lọ."

"Ká ní o wá lọ́jọ́ kẹrin ni," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àkùkọ dúdú àti abo alámì tó o fi sílẹ̀, àwọn ni gbogbo ọmọ wọn ń jẹ́ eérú. Ọjọ́ kẹrin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ."

Wọ́n ti Jabez mọ́lé. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló padà sí Ilo-Awela, Bàbá sì so àkísà tuntun mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn oníbàárà gbé agbọ̀n wọn lọ sílé láìbò ó.

"Bàbá, ṣé ẹ máa wà nílé lọ́la?" Olúkẹ́mi béèrè lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ṣàn.

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fọ ife méjì, ó tẹ́ ẹní, ó gbé ìwé Ruqoyah jáde. Oòrùn kúrò lórí ẹní, kò sẹ́ni tó wá. Ó ti na ọwọ́ láti ká ẹní náà nígbà tó gbọ́ igbe òròmọdìyẹ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Olúkẹ́mi ní, ó gbé páálí rẹ̀ kalẹ̀. "Ibi iṣẹ́ ni wọn ò tètè jẹ́ kí n kúrò."

"Jókòó," Bàbá ní. Ó dín ẹyin, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí àkùkọ dúdú.