Okùn Tí Wọ́n Gé Lórí Àpáta Corvo

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n rí òkú Xurxo Lourido nísàlẹ̀ àpáta Corvo, létí òkun Galicia ní Sípéènì, okùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Gbogbo ará abúlé Porto Cardeiro ló gbà pé ìgbì òkun ló já okùn náà. Sabela Outeiral nìkan ni kò gbà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, láti ìlú A Coruña ni wọ́n ti rán an wá, ìyá tó bí i sì máa ń kó percebe, ẹran òkun bí ọmọ ìka tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta.

Ó fi àtàńpàkò yẹ ẹnu okùn náà wò. Èyí tí ìgbì àti òkúta bá já a máa tú jákujàku bí irun arúgbó. Ẹnu eléyìí gún régé. Ó gun òkè lọ, ó sì rí ìyókù okùn náà tó ṣì so mọ́ ògiri òkúta tí àwọn Kéltì, ẹ̀yà àtijọ́ kan, mọ síbẹ̀. Ẹnu tòkè náà gún régé. Ẹni tó dúró lókè ló gé e.

Àpò Xurxo ṣófo. Sabela bi Iria, opó rẹ̀, léèrè ìdí.

"Ọ̀gá, kò lọ kó nǹkan kan," ni Iria wí. "Ẹgbẹ́ apẹja ti ti apá oòrùn àpáta yẹn pa láti oṣù kejì, kí ẹnikẹ́ni má kó percebe níbẹ̀, ọkọ mi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ó ní ẹnìkan ń jí ibẹ̀ kó."

"Ó dárúkọ onítọ̀hún?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun lálẹ́ àná. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Ẹnìkan ṣoṣo tún wà ní Corvo láàárọ̀ yẹn: Brais Castiñeira, ẹni tó ń fi percebe kíkó jẹun. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni Sabela ti bá a.

"Apá ibòòji ni mo wà," ni Brais wí, kò gbójú sókè. "Mi ò rí i, mi ò gbóhùn rẹ̀. Ohun tí òkun bá mú, òkun ló ni ín."

"Òkun kì í mú ọ̀bẹ dání, àbúrò."

Ìyá rẹ̀, Màmá Eudosia, gbé àwo percebe kan kalẹ̀, ooru ṣì ń rú lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù. Búrẹ́dì àgbàdo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn. Èmi ni mo gbé Xurxo sọ́wọ́ níbi ìrìbọmi rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fọwọ́ ṣe."

Sabela mú percebe kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Màmá, ta ló kó o wá?"

"Brais ni. Láàárọ̀ yìí."

"Ti ibòòji ńkọ́, báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ó máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, omi lásán ló máa ń kún inú ẹ̀," ni arúgbó tó ti fi ogójì ọdún kó percebe dáhùn. Lẹ́yìn náà ló wo àwo. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ló kúrú, tó ki bí àtàńpàkò.

"Apá oòrùn nìkan nirú èyí ń gbé," ni Sabela wí fún Brais. "O ti kó o kí Xurxo tó dé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ, ìwọ gba ẹ̀yìn àpáta gòkè. Ẹlòmíràn ì bá da ẹran yìí sínú òkun kó tó kúrò ní Corvo. Ìwọ gbé e wálé."

"Xurxo ní òun máa jẹ́ kí wọ́n gba ìwé àṣẹ percebe kíkó lọ́wọ́ mi!" Brais bú sẹ́kún. "Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe láyé? Màmá, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, ó ń lọ sísàlẹ̀ lọ ni..."

"O sì mú ọ̀bẹ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Brais na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí Sabela kó dè é.

Àwọn ọlọ́pàá ń mú Brais jáde nígbà tí Màmá Eudosia tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò tẹ̀ lé ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó gba inú òjò lọ sílé Iria, ó kanlẹ̀kùn. Nígbà tí Iria ṣí i, arúgbó náà ní, "Brais ni." Iria wo ojú rẹ̀ títí, ó lóye, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Sabela, tó ti tẹ̀ lé e, fi arúgbó náà sílẹ̀ sí, lórí ìdúró nínú òjò.